Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Mọ Ìdọ̀bálẹ̀

Lọ́dún tí ojú irin ń bọ̀ wá wọ Ọ̀fà, Àjàní ọmọ Àrìnpé ni òyìnbó awọnlẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ ìwọnlẹ̀ lé lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún kò ju òbìrí irin kan lọ, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń tì í, àti ojú aago kékeré kan tí ń ka iye ẹsẹ̀ bàtà tó bá yí kọjá. Wọ́n kọ́ Àjàní pé kó máa lọ tààrà, kó má jẹ́ kó fò lórí òkúta, kó sì máa há ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ahunṣọ ni; ta ni yóò tún kọ́ ahunṣọ ní títọ́?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wọn ẹgbẹ̀rún márùn-ún ẹsẹ̀ bàtà láti ibi èèkàn funfun etí odò. Ibi tó bá pé sí ni wọn yóò gbẹ́ kòtò ńlá sí, fún omi tí ọkọ̀ ojú irin yóò máa mu. Ẹnu ọ̀nà Fátóyè ló pé sí. Ọdẹ àgbà ni Fátóyè, ọmọ-ọmọ kún ilé rẹ̀ bámú. Òyìnbó ri èèkàn pupa mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí baba kó kúrò kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àjàní wà lórí ìrun Alásárì. Bí iwájú orí rẹ̀ ti kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà là sí i lọ́kàn. Àgbà méje ló pàdé lọ́nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn bí ọmọ tí a bí re. Nígbàkigbà tó bá lọ sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ a yí padà sẹ́yìn. Bó bá dìde, a tún tì í gba ibi tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ó parí ìrun, ó gbé kẹ̀kẹ́ sí àárín agbo ilé, ó tì í síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ó fà á padà ní mẹ́wàá. Aago ní ogún. Irin kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Bó bá ti yí, ó ti kà á. Fátóyè gan-an sì wà lára àwọn méje. Ọ̀wọ̀ tí Àjàní fi wọ̀ ọ́ wà nínú ohun tó gbé kòtò wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Àjàní mọ ohun tí ìwọ̀n tòótọ́ yóò bá níwájú, bí a bá kọjá ilé Fátóyè. Igi ẹ̀mí kan ni, irú èyí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sin bàbá Àjàní sí, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sì ń lọ jókòó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í sùn.

Ó lọ bá Àrìnpé nídìí èso ẹ̀mí tó ń sá, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá tẹ́ èso náà tán.

“Bàbá rẹ kò bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀ nígbà tó wà láàyè,” ló wí. “Ṣé ìwọ ni yóò wá mú un lé aládùúgbò nílé lẹ́yìn ikú? Lọ wọ̀n ọ́n re.”

Nígbà tí Àjàní lọ jẹ́wọ́ fún òyìnbó, òyìnbó bú u, ṣùgbọ́n ó ní kó tún un wọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, Àjàní ti kẹ̀kẹ́ láti odò láìdúró, ẹnu lásán ló fi ń kí àgbà. Àwọn kan pòṣé, àwọn kan ní owó òyìnbó ti ń gun ọmọ Àrìnpé. Fátóyè wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn pupa.

“Àjàní, ṣé wọ́n ti fi irin sí ọ léegun ẹ̀yìn ni?”

“Ẹ má bínú, Baba. Ẹ jẹ́ n kọjá ilé yín ná.”

Ó kọjá. Baba náà wo èèkàn, ó wo ẹ̀yìn Àjàní. Ọgọ́fà ẹsẹ̀ bàtà síwájú ni aago pé, lábẹ́ igi ẹ̀mí. Àjàní di ọ̀pá mú níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, títí òyìnbó fi dé wá ri èèkàn náà.

Ààfáà ní ohun tí ipá bá fà, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, kí wọ́n ṣí òkú bàbá Àjàní nípò pẹ̀lú àdúrà. Ibi tí wọn yóò gbé e lọ ni wọ́n ń rò nígbà tí Fátóyè yọ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká.

“Ẹ̀yìn ilé mi tí o kò jẹ́ kí wọ́n gbẹ́,” ló wí fún Àjàní, “ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e wá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ibẹ̀.”

Àjàní dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde títí baba fi fọwọ́ kàn án léjìká lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ti kẹ̀kẹ́ náà dé Jẹ́bà kí iṣẹ́ tó tán. Bó bá ti rí àgbà lókèèrè, a fi ẹsẹ̀ fa ìlà síbi tí òbìrí dé, a gbé kẹ̀kẹ́ náà dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà lòun náà a tó dọ̀bálẹ̀.