Àpótí Bàbá Oníṣẹ́jú

Ọjọ́ tí Bàbá Oníṣẹ́jú ná ìṣẹ́jú bí ẹni ń ná bàtà ni gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ pé ọkùnrin náà ò lẹ́gbẹ́. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dán ètò kọ̀ǹpútà wò kó tó dọ́wọ́ oníbàárà. Ọ̀gá obìnrin ní kí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìdánwò sọ bí ìdánwò kan ṣe pẹ́ tó. Ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin.

“Irọ́ ni,” Bàbá dáhùn. “Mẹ́tàlélógún ni.”

“Ẹ̀rọ kì í purọ́, Bàbá.”

“Nígbà tí ètò yẹn dákú tí mo jókòó tì í títí ó fi jí, ẹ̀rọ dà?”

“Ó dáa, ẹ jẹ́ á fi sí mẹ́wàá.”

“Ogún. Ẹ má bú mi.”

“Ṣé bàtà ni àkókò ni?”

“Bàtà gan-an sàn. Èèyàn á wọ̀ ọ́ wò kó tó ná an.” Ó gba méjìdínlógún, ó ń rojú bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe àpótí tirẹ̀, àyè tí èèyàn á kọ ìdáhùn sí lójú kọ̀ǹpútà, sínú àkọsílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀ ò ju “ó yege” tàbí “kò yege” lọ. Bàbá fi “Ìṣẹ́jú tòótọ́” kún un, ó fi “Kí ló dá ọ dúró?” lé e. Ó tún fi “Ṣé o ti jẹun?” síbẹ̀, ó sì sọ ọ́ di dandan: ẹni tí ò bá dáhùn, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní wọlé.

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá, kọ “Kò kàn yín” síbẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Ó purọ́, ó mú “bẹ́ẹ̀ ni”. Kò pẹ́ tí búrẹ́dì fi balẹ̀ síwájú rẹ̀.

“Bàbá, mo ṣáà ní mo ti jẹun!”

“Ẹni tó yó kì í gbá bọ́tìnì létí báyẹn.”

Ikú ni ẹni àkọ́kọ́ tí ò gbà kí Bàbá ná òun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀gá ní kí Onígíláàsì pa àwọn àpótí náà rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti dórí bọ́tìnì nígbà tí oníbàárà wọn tó tóbi jù pè. Wọ́n ní àtúnṣe tí ọ́fíìsì fọwọ́ sí ló sọ ètò àwọn di ìgbín. Bí wọn ò bá lè fi hàn pé bó ṣe ń pẹ́ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn, kí wọ́n gbàgbé iṣẹ́ àwọn.

Wọ́n bi ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú kan, méjì, kan. Torí ìgbà tí oníkálukú bá parí ìdánwò tán ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkọsílẹ̀. Onígíláàsì wá ṣí àpótí Bàbá. Mẹ́tàlélógún. Méjìlélógún. Mẹ́tàlélógún. Ọdún méjì gbáko, kò fo ọjọ́ kan. Oníbàárà bẹ̀bẹ̀.

“Áà,” ni ọ̀gá wí, “mo rẹ́ bàbá yìí jẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún.”

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló wọ mọ́kànlélógójì. Lábẹ́ “Kí ló dá ọ dúró?”, Bàbá kọ ọ́ pé: “Mò ń kọ́ Onígíláàsì níṣẹ́. Ẹ má yọ ìyẹn kúrò o.”

Ọmọbìnrin náà jókòó, ó ṣe ìdánwò tirẹ̀ parí. Ṣé o ti jẹun? Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó mú “rárá”. Ó wá gbójú sókè, ó wo tábìlì tó kọjú sí tirẹ̀.