Ọwọ́ Aláró Níwájú Àpótí Ìdìbò

Àǹtí Ràfátù, àbúrò ìyá mi, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìtòkú wá bá mi ní Ìbarà, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèlú wa fi mí sí láti máa mójú tó ìdìbò. Àwọn sójà ti padà sí bárékè nígbà náà, ìjọba alágbádá ti lo sáà kan, a sì tún ń dìbò. Oòrùn ti mú. Nígbà tí Àǹtí rí mi, wọn kò tilẹ̀ dúró gba kíkí.

"Wọ́n ní mo ti dìbò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí?"

"Àwọn èèyàn yín ni! Wọ́n ní kí n na ọwọ́. Mo nà án. Wọ́n ní ó tó, kí n máa lọ sílé."

Wọ́n tún na ọwọ́ náà sí èmi náà. Ọwọ́ aláró ni. Láti àtàǹpàkò dé ìgúnpá, ó ti mu aró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá a. Káàdì ìdìbò ìgbà náà kò ní fọ́tò. Orúkọ nìkan ló wà lára rẹ̀, ẹni tó bá mú un dání lè ní òun ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi yíǹkì sí ìka ẹni tó bá ti dìbò, kó má baà gba ẹ̀yìn wá fi káàdì ẹlòmíràn dìbò. Ẹgbẹ́ wa bẹ̀rù ojóró púpọ̀. Ní ìpàdé wa tó kẹ́yìn, a fẹnu kò pé ìka tí aṣojú wa bá ti rí àwọ̀ lára rẹ̀, kó má gbà fún un. A pàtẹ́wọ́ sí i. Ọmọ Abẹ́òkúta ni gbogbo wa. Àdìrẹ ń gbẹ lórí okùn lẹ́yìn ilé tí a ti ń ṣe ìpàdé náà, síbẹ̀ kò sí ẹni tó rántí ọwọ́ àwọn ìyá wa.

Mo bá Àǹtí padà sí Ìtòkú. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé-ìwé tí wọ́n ti ń dìbò ni mo ti bá àwọn aláró yòókù. Wọ́n yí bẹ́sìnnì omi ká, wọ́n ń fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú ha ọwọ́. Ọ̀kan ń fi osàn wẹ́wẹ́ ra tirẹ̀, ó sì ń ta á lójú egbò. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n torí rẹ̀ fẹ́ dìbò. Odò ni wọ́n ti ń pọn omi aró, ẹni tí a fà kalẹ̀ sì ti ṣèlérí ẹ̀rọ omi fún wọn.

"Ìyá, ẹ rọra o, ẹ óò bó awọ!" Ọkùnrin kan ló wí bẹ́ẹ̀ láti orí ìlà.

"Lọ bó ti ìyá tìẹ!"

Tíṣà Adéoyè, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń ṣe ìpàdé, ni aṣojú ẹgbẹ́ wa níbẹ̀. Àǹtí lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Tíṣà, wò mí dáadáa. Ṣé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo fi dìbò ni? Àbí ìgúnpá mi náà dìbò?"

Ẹ̀rín bẹ́ lórí ìlà. Òṣìṣẹ́ ìdìbò tó jókòó nídìí àpótí náà rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò gbà," ló wí. "Bí ẹ bá mọ ìyá yìí sí aláró, ẹ sọ ọ́, kí wọ́n dìbò tiwọn."

"Èmi mọ̀ wọ́n," ni mo wí. "Àbúrò ìyá mi ni."

Aṣojú ẹgbẹ́ kejì ti dìde. "Ìbarà ni wọ́n fi ìwọ sí. O ò lẹ́nu níbí."

Tíṣà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tí mo bá gbà fún tiwa, wọ́n á kó tiwọn náà wá. Ìpàdé ló pinnu rẹ̀."

"Adéoyè, o mọ̀ wọ́n!"

Dánṣíkí tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, àdìrẹ ni. Àǹtí Ràfátù ló pa á láró fún un. Èmi ni mo mú un dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó yíjú sí òṣìṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. "N kò mọ̀ wọ́n."

Àǹtí kò pariwo. Wọ́n wo dánṣíkí náà láti ọrùn dé ìsàlẹ̀.

"Tíṣà, má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ o. Á ṣá."

Wọ́n so káàdì náà mọ́ etí ìró wọn, wọ́n sì lọ. Àwọn yòókù da omi bẹ́sìnnì nù, wọ́n tẹ̀ lé wọn.

A wọlé ní àdúgbò náà, a sì jó. Kí ẹ̀rọ omi tó dé, àwọn sójà ti padà gbàjọba. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí wọ́n tún ń kọ orúkọ olùdìbò, mo ránṣẹ́ sí Àǹtí pé kí wọ́n jáde wá. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà kò gùn: "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti dìbò." N kò lè gbójú sókè níwájú ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń sọ fún mi báyìí pé bí fọ́tò bá ti lè wà lára káàdì, ọ̀rọ̀ parí. Kí Ọlọ́run jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ojú gan-an ló wà níbẹ̀, tó ń mí, tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n sì wo ilẹ̀. Ìwọ tó ń ka èyí, bí ìyá kan bá na ọwọ́ dúdú sí ọ níwájú àpótí, tí ẹgbẹ́ rẹ sì ń wo ẹnu rẹ, ṣé wàá lè sọ pé o mọ̀ ọ́n?