Kọ́ńpáàsì Tí Agbára Mi Ká

Ọ̀rẹ́ mi ló bẹ̀rẹ̀ eré náà. A jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni. Olùkọ́ jọ́gíráfì wa níbẹ̀ máa ń kó wa jáde lọ sí pápá láti kọ́ wa bí a ṣe ń fi kọ́ńpáàsì wá ọ̀nà: o dúró lójú kan, o fi abẹ́rẹ́ wá dìgírì, ìyẹn nọ́ńbà ìhà tí wọ́n bá pè, o kọjú síbẹ̀, o sì ń ka ẹsẹ̀ rẹ títí dé ibi tí wọ́n ní kí o dé. Ìyà ni gbogbo kíláàsì ka á sí, èmi náà sì wà lára wọn. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kì í fẹ́ kí a padà sílé.

Nígbà tí a jáde, ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, wọ́n gbé èmi sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣakí, wọ́n gbé òun sí Àgọ́-Àrẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń bá àwọn awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́, fún un ní kọ́ńpáàsì kan tó dáa gan-an. Kò pé oṣù kan tí lẹ́tà rẹ̀ fi dé, awakọ̀ èrò ló fi rán. Kò kí mi délẹ̀délẹ̀. Ó kàn ní kí n lọ sídìí igi igbá ńlá tó wà lójú ọ̀nà láàárín ìlú méjèèjì, kí n kọjú sí dìgírì tó kọ síbẹ̀, kí n ka ọgọ́fà ẹsẹ̀, kí n sì wo ìdí òkìtì ọ̀gán tí mo bá bá níbẹ̀.

N kò ní kọ́ńpáàsì nígbà náà. Oòrùn ni mo fi díwọ̀n. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni mo fi ń yí ká inú bẹẹrẹ, tí koríko ń gé mi lápá, kí n tó rí agolo kan tí wọ́n fi òkúta bò mọ́ ìdí ọ̀gán. Tọ́fì méjì, pẹ́ńsù kan àti ìwé kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Ó ti kọ sójú ewé àkọ́kọ́ pé: “Kọ ọjọ́ tí o dé síbí. Mú tèmi, kí o fi tìrẹ rọ́pò.” Èmi nìkan ni mo dúró nínú igbó tí mo ń rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe délé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ńpáàsì tí n ó rà.

Ibi mẹ́ta ni mo ti rí i. Àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ bàbá kan ní àdúgbò wa tó ti ṣe sójà rí. Onírin ni, ó wúwo, ó ní ìdérí, okùn wáyà tín-ín-rín kan sì wà lójú ìdérí náà tí a fi ń wo ọ̀kánkán. Bàbá náà jẹ́ kí n mú un lọ dán wò. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ á yí díẹ̀, á sì dúró bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Àmọ́ iye tó pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó oṣù mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Inú kò bí i o. Ó ní, “Tíṣà, ohun tó máa mú èèyàn jáde nínú igbó, a kì í ná an.” Mo dúpẹ́, mo ní n ó padà wá.

Ìkejì wà ní ilé ìtàwé kan ní Ìsẹ́yìn. Oníke ni, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti wọnú omi rẹ̀, ó ṣe róbótó bí ẹyin ẹja, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ geerege. Owó rẹ̀ kò ju ìdajì ti sójà lọ. Mo mú owó náà dání lọ́jọ́ tí mo lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ni mo gbà kọjá láti gáréèjì, mo sì rí ìborùn àlàárì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kúrò lórí òfì. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo kọjá lọ, mo padà, mo tún kọjá. Ìborùn ni mo rà. N kò ní purọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ̀kẹta ṣe di tèmi nìyẹn. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ní ọjà Ṣakí ni mo ti rà á, ọ̀kan lára àwọn ẹrù tí wọ́n kó gba ẹnubodè wọlé. Kò tóbi ju ìdérí agolo róòbù lọ. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó yí i, abẹ́rẹ́ náà lẹ̀ mọ́ ojú kan. Ó fi èékánná ta á, abẹ́rẹ́ sì tẹ̀síwájú. Ó ní gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ṣì tuntun. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn, torí pé mo ti di ti sójà mú. Mo sanwó, mo gbé e sápò.

Ọdún méjì ni a fi ṣe eré náà. Bí ó bá fi agolo pamọ́, èmi náà á fi tèmi pamọ́. Mo kọ́ bí mo ṣe máa ń ta ojú kọ́ńpáàsì mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà á gbọ́. Nítorí pé ibi tí a ń fi nǹkan sí kì í jìnnà, bí abẹ́rẹ́ bá purọ́ díẹ̀, mo kàn máa ń wò yíká ni, mo sì máa ń rí i. Ọdẹ kan bá mi lọ́nà nígbà kan, ó béèrè ohun tí mò ń sin. Mo ní ẹ̀kọ́ ni. Ó wò mí títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi lọ́kọ. Oníṣòwò sìmẹ́ǹtì ni ọkùnrin náà, ó dàgbà jù ú lọ dáadáa. Mo lọ kí wọn ní Àgọ́-Àrẹ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì wá láti ìgbà tí mo wọlé títí mo fi dìde. Ọ̀rọ̀ èlùbọ́ tó wọ́n la sọ. Nínú agolo tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rẹ́ mi ti kọ̀wé pé ọkọ òun ń tú lẹ́tà òun kó tó kan òun, nítorí náà nọ́ńbà nìkan ni kí n máa kọ ránṣẹ́, iṣẹ́ ilé ìwé ni ó máa rò pé ó jẹ́. Bí eré wa ṣe di ọ̀nà tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó kọ ọ́ pé ọkọ òun fẹ́ kí òun fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ó tún kọ ọ́ pé wọn kò jẹ́ kí òun lọ sílé àwọn òbí òun mọ́. Èmi máa ń kọ ọ́ padà pé kó ṣe sùúrù, pé bí ilé ọkọ ṣe máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò tíì lọ́kọ nígbà náà. N kò mọ ohun tí mò ń sọ.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn dé nígbà òjò. Mo ti gbọ́ pé ó lóyún, ó ti tó oṣù márùn-ún. Láti ìdí igi igbá wa náà ni, dìgírì igba ó lé ogún, ẹgbẹ̀rin ẹsẹ̀ ó lé ogójì. Kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ nọ́ńbà, èyí tí kì í ṣe mọ́: “Jọ̀ọ́, tètè lọ.”

Mo lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Bẹẹrẹ ti ga ju orí mi lọ. Mo ta ojú kọ́ńpáàsì lẹ́ẹ̀mẹta, abẹ́rẹ́ dúró, mo gbà á gbọ́. Nígbà tí mo ka ẹsẹ̀ mi pé, n kò bá ọ̀gán kankan níbẹ̀. Mo padà sídìí igi, mo tún ṣe é, ibòmíràn ni mo já sí. Ẹ̀kẹta tún gbé mi lọ sí ibi ọ̀tọ̀. Ìgbà tó bá jẹ́ ọgọ́fà ẹsẹ̀ ni, irọ́ abẹ́rẹ́ náà kì í ju fífẹ̀ àgbàlá ilé lọ. Ní ẹgbẹ̀rin ẹsẹ̀, ó ti di fífẹ̀ odidi oko. Mo wá a títí òjò fi lé mi sílé. Mo fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí i, mo sì kọ ọ́ mọ́ ọn pé n kò rí iṣẹ́ náà, kó tún un ṣe fún mi. Awakọ̀ ní òun fi lé wọn lọ́wọ́ nílé. Èsì kò dé.

Oṣù kejì ni awakọ̀ kan náà wá sí ilé ìwé, ó ní kí n jáde. Oyún náà ti di oṣù méje, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, wọn kò tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Òun àti ọmọ ló lọ. Wọ́n ti sin ín.

Mo lọ kí àwọn ará ilé náà. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fún mi ní kọ́ńpáàsì tó máa ń lò, pé n ó fi rántí rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni pé n ó fi wá agolo náà.

Ìyá náà ní, “Nǹkan onírin tó fi ń wọ igbó yẹn? Mo ti sọ ọ́ sí ṣáláńgá. Ta ló ń pè é jáde sínú igbó pẹ̀lú oyún nínú, bí kì í ṣe ìwọ?”

Èmi kọ́ ni mo pè é, òun ló ń pè mí, ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, yóò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí àwọn ọdẹ ti fi iná sun igbó, mo lọ bá bàbá sójà. Mo fẹ́ ra kọ́ńpáàsì rẹ̀ wàyí. Kò gba owó mi, ó ní kí n mú un lọ, kí n dá a padà tí mo bá ṣe tán. Ilẹ̀ ti dúdú, ó mọ́ gbayawu, gbogbo ọ̀gán ló hàn kedere. Abẹ́rẹ́ kò purọ́. Ìgbà mẹ́rin ni mo tọ ojú ọ̀nà kan náà, tí mo já sí ibì kan náà. Mo gbẹ́ ìdí gbogbo ọ̀gán tó wà nítòsí ibẹ̀, tí ọwọ́ mi fi bó. Kò sí nǹkan kan. Mo gbà pé ẹnì kan ti rí i kó lọ, tàbí pé iná ti jẹ ẹ́. Mo dá kọ́ńpáàsì padà fún bàbá.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni èmi náà lóyún àkọ́kọ́. Ilé ìwé kò jìnnà sí ilé wa, mo sì ti mọ iye ẹsẹ̀ tó wà láàárín wọn tipẹ́tipẹ́, nítorí pé ẹsẹ̀ kíkà ti di bárakú fún mi. Ní oṣù karùn-ún, mò ń lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ka iye tí mo máa ń kà pé, mo gbójú sókè, ilé ìwé ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo dúró. Oyún ti gé ẹsẹ̀ mi kúrú, n kò sì mọ̀.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ẹgbẹ̀rin ó lé ogójì tí ọ̀rẹ́ mi kà, ẹsẹ̀ aboyún ni, nínú koríko tó ga ju orí lọ. Èmi fi ẹsẹ̀ gbọọrọ ka tèmi, mo sì kọjá agolo náà lẹ́ẹ̀mẹrin ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ pé mo fi ara kan ọ̀gán náà. N kò bojú wẹ̀yìn.

Kò sí ibi tí mo tún lè lọ mọ́. Katakata ti tú gbogbo ilẹ̀ náà fún oko àgbàdo ńlá kan, wọ́n sì ti gé igi igbá náà. Títí di òní, n kò mọ ohun tó kọ síbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ní kí n wá mú òun lọ. Ó sì lè jẹ́ pé tọ́fì méjì péré ló wà níbẹ̀. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀, kò sí èyí tó tù mí nínú.

Ọkọ mi bá mi lójú ọ̀nà níbi tí mo dúró sí lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó ń lọ sóko. Ó béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Mo ní mò ń ka ẹsẹ̀ mi ni. Ó gba àpò ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní kí n jẹ́ kí a máa lọ, oòrùn ti ń mú.