Iyán Ẹni Mẹ́ta Lẹ́bàá Ihò Àpáta

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kan àpáta Dásà tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀, òórùn kan máa ń dìde: eruku, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ àdán láti inú ihò. Àwọn mìíràn a bo imú. Èmi kì í bo imú, nítorí òórùn yẹn ni ìyá wa máa ń gbé wọlé lára aṣọ rẹ̀ tó bá lọ ṣẹ́gi lẹ́bàá ihò. Òun ló kọ́kọ́ mú wa dé ibẹ̀, níbi tí àwọn baba ńlá wa sá pamọ́ sí nígbà ogun. Ó ní ńṣe ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ń fara mọ́ra nínú òkùnkùn, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀.

Ọdún tí a sin ín, ilé pa rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, àbúrò mi obìnrin wà nílé ọkọ ní Pàràkú, èmi aránṣọ nìkan ni mo kù nílé. Nígbà tí ìyá wà láyé, fóònù rẹ̀ kì í sinmi. Ó kú tán, tèmi ò dún. Oṣù ń lé, oṣù ń wọ̀, kò sẹ́ni tó pè. Àṣé ìyá ni wọ́n ń pè, èmi kàn ń gbé inú ilé tí wọ́n ń pè ni. Ó dùn mí wọra, ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣí ibùdó ìgbafẹ́ kan sínú igbó lẹ́yìn abúlé Lèma, nítòsí ihò wa gan-an, àgọ́ lábẹ́ igi, kò sílé nítòsí. Mo pe àwọn méjèèjì. "Ẹ jẹ́ ká lọ sùn níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, àwa mẹ́ta péré."

Háà! Láti ọjọ́ náà, fóònù mi ò sinmi mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mọ̀ bóyá ejò wà. Mo ní, "Ejò wà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń retí." Àbúrò mi á pè ní kùtùkùtù: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ odó mẹ́ta ni kẹ́ ẹ gbé o, ká jọ gúnyán bíi tìgbà màmá." A jà lórí ẹni tó máa sùn láàárín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo rán apá aṣọ oníbàárà kan sódì.

Nígbà tó ku ọ̀la, ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi kò fún un láyè. Ibà mú ọmọ àbúrò mi. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, mi ò lè bínú sí wọn, ìyẹn gan-an ló mú kó dùn mí jù. Mo di iṣu àti ọmọ odó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ẹ̀yìn sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, mo lọ.

Bàbá tó ń ṣọ́ ibùdó wo ẹ̀yìn mi. "Ọmọ mi, àwọn tó kù dà?"

"Wọ́n ń bọ̀, bàbá."

Mo se gbogbo iṣu náà, mo sì gún un nínú odó tí mo yá lọ́wọ́ rẹ̀. O mọ bí ọmọ odó mẹ́ta ṣe ń dún nínú odó kan, ọ̀kan ò ní tíì gòkè tán tí èkejì á ti balẹ̀. Tèmi á balẹ̀, á dákẹ́, tèmi náà ló tún máa balẹ̀. Mo bu iyán fún bàbá náà. Ó jẹ ẹ́, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Kò sí rẹ́sò, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nínú igbó yẹn, fóònù mi ti yadi. Mo wọ àgọ́. Àárín tí a jà lé lórí di tèmi láìsí ìjà, mo sì sunkún títí oorun fi gbé mi lọ.

Láàárọ̀, bí sẹ́míjàn ṣe gbé mi dé ọ̀nà ọ̀dà, fóònù tají, ìpè àná bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń pe gbogbo aládùúgbò wa, ó ń bèèrè mi. Àbúrò mi ti fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ gbé fóònù o, ẹ̀rù ń bà wá! Ṣé iyán náà kúná?"

Mo pè é. Mo ní, "Kò kúná rárá. Ó kún fún kókó."

Láti ìgbà náà, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí òórùn yẹn wọlé, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ pè: ẹ jẹ́ ká lọ sí ihò. Wọn ò tíì wá rí. Ohun kan máa ń dí wọn lọ́wọ́, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ retí wọn mọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn títí di Àjíǹde, wọn kì í jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Ìjẹta, ẹsẹ̀ mi wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, fóònù dún, àbúrò mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo máa sùn láàárín lọ́dún yìí o."

"Irọ́ lo pa," mo wí, mo sì fa àga mi súnmọ́ fèrèsé níbi tí rẹ́sò ti dáa.