Oṣù Mẹ́fà Tí Mo Fi Kún Ọjọ́ Orí Ọmọ Mi

Ní gbogbo àsìkò tí àrùn kòrónà fi wà níta, kò sẹ́ni tó le koko lórí ọ̀rọ̀ ìbòmú bíi tèmi ní ẹ́sítéètì wa l'Ájàh. Mo máa ń dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀, màá ní kí ẹni tó ń wọlé fa ìbòmú rẹ̀ sókè, kó yé fi í sí àgbọ̀n bí irùngbọ̀n. Àwọn aládùúgbò ń pè mí ní ọlọ́pàá ìbòmú. Kò dùn mí rárá. Àbúrò màmá mi bá àrùn yẹn lọ, mi ò sì rí ìdí tí mo fi máa bá ẹnikẹ́ni ṣeré lórí ẹ̀. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹnì kankan má baà rò pé mo wà lára àwọn tó ní irọ́ ni àrùn náà.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún kan, wọ́n pè mí padà sẹ́nu iṣẹ́ n'Ígbó Ẹfọ̀n. Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó sún mọ́ wa jù kì í gba ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún kan ààbọ̀. Kí ni mo ṣe? Mo lọ sí kóòtù, mo ní ìwé ìbí ọmọ mi ti sọnù, mo búra, mo sì gba ìwé tuntun tó fi oṣù mẹ́fà kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwé ìbí gidi wà nínú àpótí mi nílé. Gíwá wo ọmọ, ó wo ìwé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ga ṣá o, ó sì gbà á.

Ẹ má wulẹ̀ lanu sí mi. Ta ni kò ṣe é rí? Bí ọmọ bá kéré, a ó fi kún un kó lè tètè wọ ilé ìwé. Bó bá dàgbà tó ń wáṣẹ́, a ó yọ kúrò níbẹ̀ kó má baà tètè fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújà tiẹ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Kọ ọ́ síbì kan o, ká má gbàgbé iye tá a máa yọ padà." Mo ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí i, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni imú ọmọ mi dí. Mo rò pé ọ̀fìnkìn ni. Mo lo gbogbo oògùn ọ̀fìnkìn tó wà, kò lọ. Bó bá sùn lọ́sàn-án, á máa hanrun bí àgbàlagbà, lẹ́yìn náà á dákẹ́ wìì, èmi náà á dá èémí dúró títí á fi tún mí. Dókítà kan ní Lekki ló yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹran kan ló wú lẹ́yìn imú rẹ̀ níbi tó yẹ kí atẹ́gùn gbà kọjá. Ẹnu nìkan ló fi ń mí. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Ọkọ mi rí oníṣẹ́ abẹ kan l'Ábújà tó gbà láti ṣe é ní Ọjọ́bọ̀. Tí Ọjọ́bọ̀ yẹn bá fi kọjá, ọkùnrin náà ń rìnrìn àjò, ó di oṣù méjì kó tó dé.

Ní ọjọ́ tí mo lọ gba èsì àyẹ̀wò, dókítà ti Lekki sọ fún mi pé, "Ẹ má fi nǹkankan bo ọmọ yìí lẹ́nu o. Ẹ dúró kí n kọ lẹ́tà fún yín, nítorí àwọn tó ni bàálù."

Mo ń kánjú. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, dókítà. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún méjì ni òfin ìbòmú wọn mú. Tèmi ò tíì pé."

Òótọ́ ni mo sọ. Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ló jẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé tó wà lórí fóònù rẹ̀ ló sì fi ṣe é. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Ọjọ́rú la gbéra. Láàárọ̀ kùtùkùtù la kúrò l'Ájàh, ọmọ sùn lé mi lẹ́sẹ̀, a dé pápákọ̀ láìsí wàhálà. Nínú bàálù, èmi ni mo jókòó sáàárín, àga ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bàbá àgbàlagbà kan sì wà lápá kejì mi. Ìbòmú méjì ni bàbá náà wọ̀ léra wọn. Mo kí wọn, wọ́n mi orí, wọ́n sì sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ọmọge òṣìṣẹ́ bàálù ń bọ̀ láti iwájú pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó dúró lọ́dọ̀ wa.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ìbòmú ọmọ yín dà?"

"Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì."

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ohun tó wà níbí ni pé ó ti lé lọ́dún méjì, mà. Ọdún méjì àti oṣù méjì."

Ìgbà yẹn gan-an ni mo rántí ìwé kóòtù. Tí n bá ní irọ́ ni ìwé yẹn, kí ni wọ́n máa rò? Obìnrin kan gbé ọmọ dání, ìwé ọmọ ò bá ọmọ mu, bẹ́ẹ̀ ni ariwo gbọ́mọgbọ́mọ gba ìlú kan. Wọ́n á sọ̀ wá kalẹ̀, wọ́n á pe ọlọ́pàá, Ọjọ́bọ̀ á sì kọjá. Ìyẹn nìkan kọ́. Ká sòótọ́, ojú tì mí.

Mo ní, "Imú ń dùn ún. Kò lè mí tí wọ́n bá bo ẹnu rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká rí lẹ́tà dókítà, mà."

Mi ò ní lẹ́tà. Bàbá ẹ̀gbẹ́ mi bá dá sí i, ohùn wọn rọlẹ̀. "Ìyàwó, jọ̀ọ́, bá wa bo ọmọ yẹn nímú. Àrùn yìí ló pa ìyàwó mi, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ l'Ábújà, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Mi ò fẹ́ gbé e lọ bá wọn."

Inú ti ń bí mi sí ara mi, mo wá lọ sọ ọ́ lé ẹlòmíì lórí. Mo ní, "Ṣé ọmọ mi ló pa ìyàwó yín ni?"

Háà! Bàbá wo ilẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn ní kí wọ́n kúkú sọ̀ mí kalẹ̀ ká lè máa lọ. Ọmọge yẹn ò pariwo, ó kàn ní, "Mà, tí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn." Ó na ìbòmú kékeré kan sí mi, tí wọ́n ya òdòdó sí.

Mo gbà á. Mo fi sí ọmọ mi nímú. Ó já a kúrò. Mo tún fi sí i, ó tún já a. Mo bá gbé e lé àyà mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá mi, jọ̀ọ́, jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Dádì." Ó ń ké, ó ń fi orí gbá mi láyà, ikun àti omijé rin ìbòmú náà gbingbin. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn. Igbe ọmọ ń kéré sí i, ó ń kéré sí i, nígbà tó yá ó dákẹ́.

Ẹni ẹ̀yìn wa ní, "Ó ti mọ́ ọn lára. Ọmọ dáadáa."

Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o, inú mi dùn. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, irun rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, ojú rẹ̀ kọ sọ́dọ̀ bàbá yẹn.

Bàbá ló lọgun. "Ìyàwó! Wo èékánná ọmọ rẹ!"

Ọwọ́ ọmọ wà lọ́wọ́ mi, mo dì í mú, síbẹ̀ mi ò wò ó. Èékánná rẹ̀ ti dúdú. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, bàbá ti na ọwọ́, wọ́n fa ìbòmú náà já. Ètè rẹ̀ náà ti dúdú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ láìwo nǹkankan. Mo kígbe orúkọ rẹ̀. Mo mì ín. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n nu ikun ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lásán, wọ́n fa ìwé kan yọ lẹ́yìn àga iwájú, wọ́n ń fi fẹ́ ẹ, wọ́n ń wí pé, "Mí, ọmọ mi. Mí." Ó fa èémí kan gùn, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó sì fi igbe ta. Mi ò gbọ́ igbe tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọmọge yẹn sáré dé. Bàbá ní, "Kò ní wọ nǹkankan mọ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ yìí gan-an?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn: ilé ìwé, kóòtù, lẹ́tà tí dókítà fẹ́ kọ tí mo ní kó má kọ. Mo ń sunkún bí ọmọdé. Ọmọge náà lọ bá awakọ̀ bàálù sọ̀rọ̀, ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó padà, ó ní ọmọ lè jókòó bẹ́ẹ̀. Ó ní àyè wà lẹ́yìn, tí bàbá bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wa. Bàbá ní àwọn ò lọ ibì kankan.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Ọjọ́bọ̀, ó sì yọrí sí rere. Títí dòní, tí wọ́n bá ń jiyàn bóyá ó yẹ kí ọmọ kéékèèké wọ ìbòmú nínú bàálù, èmi tí mò ń dúró lẹ́nu géètì tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé kí wọ́n wo ọmọ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó wo ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò kì í sọ èyí tó kù fún wọn, ohun tí bàbá yẹn sọ fún mi nígbà tá a ti wà lókè, tí ọmọ ti sùn.

Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Nígbà tí àìsàn mú ìyàwó mi, ojú ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò máa sá fún wa. Ẹni tó bá bi mí, màá ní ibà ni. Àwọn ọmọ mi bi mí, mo ní ibà ni. Mo rí èékánná rẹ̀, mo mọ̀ pé kì í ṣe ibà. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọmọ mi láyà, wọ́n fi í síbẹ̀ títí a fi balẹ̀.