Bọ́ọ̀lù Tó Kan Etí Tábìlì

Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọwọ́ òsì yẹn náà ni obìnrin kan fi wá oúnjẹ fún ọdún méjìlélógún, òun ló fi kọ́lé fún ìyá rẹ̀, tó fi sin ọkọ rẹ̀ nígbà tí ikú mú un lọ, tó sì fi lu àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá ní àlùbolẹ̀ nídìí tẹníìsì orí tábìlì. Ọlọ́wọ́-Òsì ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Àwọn tó ń ṣe olórí eré náà ńkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tú iṣu wọn désàlẹ̀ ìkòkò. Alága wọn, oníṣòwò irin ni. Ó ń di báàtì ìgbábọ́ọ̀lù mú bí ẹni tó fẹ́ pa eṣinṣin. Bó bá ti jókòó sí gbọ̀ngàn, á ní kí wọ́n tan fáànù. Bọ́ọ̀lù tó fúyẹ́ bí èèpo ẹyin, afẹ́fẹ́ á máa gbé e kiri, Alága á máa pàtẹ́wọ́.

Lọ́dún tí Ọlọ́wọ́-Òsì pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì, obìnrin mẹ́rin ló máa lọ sí ìdíje àgbáyé. Wọ́n ti mú mẹ́ta. Àyè kan tó kù, òun àti ọmọge kan, àbúrò ìyàwó Alága, ló máa figagbága lé e lórí. Ó mọ̀ pé bí òun bá pàdánù rẹ̀, eré ti parí fóun nìyẹn.

"Ìyá àgbà," Alága pè é níṣojú gbogbo èèyàn, "ṣé orúnkún yín ṣì ń tẹ̀?"

"Ó ń tẹ̀, Alága. Ẹ̀yìn mi ni kì í tẹ̀."

Wọ́n gbá a títí, oníkálukú jẹ ipele méjì-méjì. Ní ipele karùn-ún, Ọlọ́wọ́-Òsì ní mẹ́wàá, ọmọge ní mẹ́sàn-án. Ẹyọ kan péré ló kù kí Ọlọ́wọ́-Òsì fi pé mọ́kànlá, kó sì borí. Ọmọge fi ìbínú la bọ́ọ̀lù náà, ó fò kọjá. Rẹfirí ní, "Ó jáde!"

Ṣùgbọ́n Ọlọ́wọ́-Òsì ti gbọ́ ọ, kẹ́ báyìí, létí tábìlì níwájú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ wọn, bí rẹfirí ò bá rí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, ẹni tí bọ́ọ̀lù kan tábìlì lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kó jẹ́wọ́. Ó wù ú kó dákẹ́. Àfi bí Alága ṣe fò dìde.

"Ó kàn án! Ojú mi báyìí ló ṣe!"

Irọ́ ni. Fóònù ló ń tẹ̀. Irọ́ rẹ̀ kàn ṣèèṣì bá òótọ́ pàdé ni. Ọlọ́wọ́-Òsì wò ó. Bí òun bá dákẹ́, kí ni ìyàtọ̀ òun àti eléyìí?

"Ó kàn án," ló wí fún rẹfirí. "Àmọ́ Alága ò rí i o. Fóònù ni wọ́n ń wò."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó di mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó wá di pé kí ẹnìkan fi méjì ta èkejì yọ. Ẹsẹ̀ Ọlọ́wọ́-Òsì ò bá bọ́ọ̀lù méjèèjì tó tẹ̀lé e, àyè náà sì bọ́ sí ọmọge lọ́wọ́.

Alága sáré wá, ó na ọwọ́. "Ọmọlúàbí gidi! Ẹ bá wa lọ, kí ẹ máa kọ́ àbúrò wa."

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n kọ́ ẹ̀yin bí wọ́n ṣe ń pa fáànù."

Ó fi ọwọ́ Alága sílẹ̀ lófuurufú, ó wọ yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ọmọge tẹ̀lé e, kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi náà gbọ́ ọ nígbà tó kàn án. Ká ní èmi ni yín, ǹ bá ti dákẹ́ ni."

Ọlọ́wọ́-Òsì ń tú okùn bàtà rẹ̀.

"Mo mọ̀, àbúrò. Ìdí tí àwọn Alága fi fẹ́ràn rẹ nìyẹn. Jọ̀ọ́, bá mi mú tówẹ́lì yẹn."