Mudu Tó Sún Kì Nínú Kùrukùru

Lásìkò tí à ń tò fún ṣúgà ni. Bí àbúrò mi obìnrin ò bá rí ìṣòro ọrọ̀ ajé ìlú kan mú lọ́la, olùkọ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ò ní gba iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ mọ́. Ó sìn mí lọ ra ẹ̀wà ní Farin Gada. Kùrukùru bo ọjà débi pé ohùn àwọn ọlọ́jà là ń tẹ̀ lé. Owó ẹ̀wà ò lé, ṣùgbọ́n mudu, abọ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ti kéré.

“Òtútù ló mú un sún kì,” mo wí. “Mo rí èyí tó di ìdérí ìgò rí.”

“Haba, ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ yín tún dé!”

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe dojú mudu dé, ló bá rí ibi tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú.

“Ọ̀wọ́n gógó ló sá pamọ́ síbí! Mo ti rí ìṣòro tèmi.”

Kùrukùru ti gbé ọlọ́jà tó ń ta ẹ̀wà náà mì, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ló kù. Èmi ṣì gbà pé òtútù ni.